Ta Ló Lẹrù?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé eré orí kọ̀ǹpútà kò ju ohun tí ọmọdé fi ń pa ọ̀sán lọ, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kàn fi Crusader Kings II lé e lọ́wọ́, kí ẹ ní kó jẹ ọba nínú rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún péré. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò tíì lọgun, ẹ wá bi mí. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti lé lógójì ọdún, mo níyàwó, mo lọ́mọ, mo sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀, olórí ìlú oníṣòwò kan tí kò gbé ayé rí ti lé oorun lọ lójú mi ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ọ̀rọ̀ òun àti àwọn irú rẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí.

Kí ẹni tí kò mọ eré náà rí lè bá wa kẹ́sẹ̀ rìn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Paradox, ilé-iṣẹ́ kan ní Stockholm ní ilẹ̀ Sweden, ló gbé e jáde ní oṣù kejì ọdún 2012. Ayé àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n gbé e kà. Ọdún 1066 ló ti ń bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àfikún tó tẹ̀lé e ti fà á sẹ́yìn dé 769, ó sì ń parí ní 1453, ọdún tí Constantinople bọ́ sọ́wọ́ àwọn Ottoman. Ẹ ó mú olórí ìdílé kan, ìjòyè kékeré ni o, ọba ńlá ni o, ẹ ó sì máa ṣèjọba. Tó bá kú, àrólé rẹ̀ ni ẹ ó dà. Gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ yín ló ní iye kan tó ń fi hàn bí inú rẹ̀ ṣe dùn sí yín tó. Bó bá dé ọgọ́rùn-ún, ìfẹ́ ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bó bá rì sísàlẹ̀ òdo tó fi di ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, ẹ máa ṣọ́ oúnjẹ yín. Iye yìí ni òpó tó gbé ilé eré náà ró. Ẹni tó fẹ́ràn yín á san ìṣákọ́lẹ̀, á kó ọmọ ogun wá bí ẹ bá ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó kórìíra yín á wọ ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ lóru.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, wọ́n fi àfikún kan tí wọ́n pè ní The Republic kún un. Òun ló jẹ́ kí ènìyàn lè di olórí ìdílé oníṣòwò ní Venice, ní Genoa tàbí ní Pisa, àwọn ìlú tí kò ní ọba, tó jẹ́ pé àwọn ọlọ́lá ibẹ̀ ló ń yan olórí láàárín ara wọn. Doge ni wọ́n ń pe olórí náà. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2019, eré náà fúnra rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́, àfikún nìkan ni wọ́n ń gbowó lé. Nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé owó ni kò jẹ́ kóun tọ́ ọ wò. Ẹni tó bá ń ṣe oníṣòwò nínú rẹ̀ á gbádùn ara rẹ̀ dọ́ba, mi ò ní fìyẹn dù wọ́n. Ìhà kejì ni tèmi. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọba tí irú ìlú bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀?

Torí pé ọba lè dá ìlú oníṣòwò sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ kò le rárá. Ẹ wá ìlú kan létí òkun tí olórí rẹ̀ jẹ́ ará ọjà, kì í ṣe jagunjagun inú ilé olódi. Ẹ fi gbogbo àgbègbè ibẹ̀ ta á lọ́rẹ, ẹ fi oyè duke lé e lórí. Wéré, òfin ibẹ̀ á yí padà. Ìdílé márùn-ún á yọ jáde bí olú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ààfin tirẹ̀, Doge á gorí àga, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibùdó ìṣòwò kiri etíkun, láti ilẹ̀ yín dé ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ọba kò náwó ọkọ̀ ojú omi, ẹ kò náwó àgbàrò. Ìṣákọ́lẹ̀ lẹ̀ ń retí. Àwọn baba wa ní ẹni tó lẹ́rú ló lẹrù, àbí? Ìgbàgbọ́ yẹn gan-an ló ń ti ọba lẹ́yìn tó fi ń dá ìlú oníṣòwò sílẹ̀.

Ìgbà tí mo jọba Sicily ni mo rí ojú ọ̀rọ̀ náà kedere. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Robert Guiscard, ará Normandy tó gba gúúsù Ítálì mọ́ àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló sì dá ìlú oníṣòwò kan sílẹ̀ lórúkọ mi. Doge àkọ́kọ́ mọ oore. Ó ṣe tán, èmi ni mo gbé e láti orí àpótí ìsọ̀ dé orí àga. Fún nǹkan bí ọdún mọ́kànlá, owó ń wọlé, ọkọ̀ rẹ̀ ń kó ọmọ ogun mi kọjá òkun, mo sì ń fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i ní ọdọọdún kí inú rẹ̀ má baà yí. Ó kú. Mo rò pé ọmọ rẹ̀, ẹni tí èmi àti ẹ̀ ti jọ jẹun, ni yóò gba ipò. Kò rí bẹ́ẹ̀! Ìdílé mìíràn ló wọlé, bàbá arúgbó kan tó ti pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi rí, tí kò sì rí ìdí kan tó fi yẹ kó fẹ́ràn mi. Gbogbo ẹ̀bùn tí mo fi ọdún mọ́kànlá kó jọ sílé ẹni àkọ́kọ́ ti bá a wọ sàréè. Kí n tó fi ẹ̀bùn rọ ojú ti bàbá yìí, òun náà kú.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni eré náà ń wò tí wọ́n bá ń yan Doge: ọjọ́ orí, iyì, àti owó tí olórí ìdílé kan bá dà sínú àpò ìpolongo. Níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ orí ti wà níbẹ̀, arúgbó ló sábà máa ń wọlé. Arúgbó kì í sì í pẹ́ lórí àga. Láàárín ogójì ọdún, ọba kan lè sin Doge mẹ́fà, kó sì bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ lákọ̀tun pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bó bá jẹ́ ìjòyè tó ń fi ilẹ̀ jogún fún ọmọ ni, ẹ lè fẹ́ ọmọ rẹ̀ fún ọmọ yín, kí ẹ tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ dàgbà láàfin, kí okùn àna di ilé méjèèjì pọ̀. Okùn àna kò mú àga Doge. Ẹ lè gbé ọmọbìnrin yín fún ìdílé kan lónìí, kí mẹ́rin tó kù máa fi yín rẹ́rìn-ín lọ́la.

Àpò ìpolongo yẹn sì ni ìdí kejì tí ọba fi ń sunkún. Owó tó wọlé sọ́wọ́ àwọn ìdílé márùn-ún wọ̀nyí kì í ṣe kékeré, ara wọn ni wọ́n sì fi ń bá jà. Wọ́n ń fi rà ìyànsípò, wọ́n ń fi tún ààfin ṣe, wọ́n ń fi gba sọ́jà olówó. Ọba ló wà lókè, ṣùgbọ́n ẹ wo àpò tirẹ̀, ẹ wo tiwọn, ẹ ó rò pé ọba ló ń sìnlẹ̀. Ọjọ́ tí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá wọ ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀, kò nílò ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀. Yóò kàn ṣí àpótí.

Ẹ ó ní kí ló dé tí ọba kò gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè gbà á. Ṣùgbọ́n bí ọba bá gba oyè lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀, orúkọ òǹrorò á lẹ̀ mọ́ ọn lára, gbogbo ìjòyè yòókù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni ń wo ejò lórí àkéte. Bó bá rán ẹ̀ṣọ́ lọ mú Doge tí ọwọ́ kò bà á, ogun dé nìyẹn. Bí ọwọ́ bá sì bà á, tó jù ú sẹ́wọ̀n, kí ló rí gbà? Ọkùnrin kan. Ìdílé mẹ́rin ń bẹ níta, ibùdó ìṣòwò wọn kò ti ìlẹ̀kùn fún ọjọ́ kan.

Títí dé ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé yìí, mo kí àwọn tó ṣe eré náà. Ìnira wọ̀nyí kì í ṣe àbùkù. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ: ìlú tí ń yan olórí kò ṣe é fi ọ̀rẹ́ ẹnìkan dì mú. Ìtàn ilẹ̀ tí mo ń jọba lé lórí gan-an jẹ́rìí sí i. Amalfi, ìlú oníṣòwò ní gúúsù Ítálì, ti bọ́ sábẹ́ Robert Guiscard ní 1073. Ní 1096 ó ti ṣọ̀tẹ̀, àwọn ọmọ àti ẹbí Robert sì dó tì í. Ibi ìdótì yẹn náà ni Bohemond ọmọ rẹ̀ wà tó fi gbọ́ nípa ogun Jerúsálẹ́mù, tó sì bá ibẹ̀ lọ. Nígbà tó di 1131, Roger Kejì tó ti di ọba Sicily ní kí àwọn ará Amalfi kó àwọn ilé olódi ìlú wọn lé òun lọ́wọ́. Wọ́n kọ̀. Ó fi ogun gbà á. Láti ọjọ́ náà ìlú Amalfi ti di ti ọba pátápátá. Nígbà tí àwọn ará Pisa wá kó o ní 1135, tí wọ́n tún padà wá ní 1137, ìlú tí ọba ti gba ìdáàbòbò ara ẹni lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n kó, òwò ibẹ̀ kò sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Roger gba ìlú, ó sì sọ ohun tó mú kí ìlú náà níye lórí nù. Eré yìí mọ ìyẹn, lọ́nà tirẹ̀.

Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí owó ti ń wá, ibẹ̀ ni mo sì ti ní ẹjọ́ láti bá wọn rò.

Nínú eré náà, ibùdó ìṣòwò ló ń bí owó. Ẹ kọ́ ọ sí etíkun, owó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ sí etíkun tó tẹ̀ lé ara wọn, owó pọ̀ sí i. Iye tí ìdílé kan lè kọ́ sì rọ̀ mọ́ iye àgbà ọkùnrin tó wà nínú ilé wọn, ìyẹn ni pé ẹni tó bí ọmọkùnrin púpọ̀ ló ń ṣòwò jù. Ta ló ń ra ọjà? Kò sí. Ọjà wo? A ò rí i. Ní 2015 wọ́n mú Silk Road wọnú eré náà, ọ̀nà òwò tó lọ dé ilẹ̀ China, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, owó tirẹ̀ náà kàn ń rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ọ̀nà gbà kọjá ni, bí òjò. Kò sí ata, kò sí aṣọ, kò sí ọkà tí ebi rẹ̀ lè pa olú-ìlú bí oníṣòwò bá bínú. Oníṣòwò láìsí ọjà, ẹ̀yin ará, kí lẹ ó pè é? Ìjòyè tó ń gbé létí omi ni.

Nítorí bẹ́ẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí ọba àti Doge lè máa bára wọn fà ni ìfẹ́ àti ìkórìíra. Bẹ́ẹ̀, nínú ìtàn, ìfẹ́ kọ́ ló so wọ́n pọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Constantinople, nítorí kò sí ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti han jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórúkọ, Venice jẹ́ ìlú abẹ́ fún ọba ńlá Constantinople láti ìgbà láéláé, àwọn Doge a sì máa gba oyè láti ààfin rẹ̀. Ní 1081, Robert Guiscard yẹn kan náà kọjá òkun wá láti gba ilẹ̀ ọba ńlá. Ọba ńlá Alexios Komnenos kò ní ọkọ̀ ogun tó pọ̀ tó. Ó ké sí Venice, Venice sì wá. Ní 1082 ó sanwó iṣẹ́ náà pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n fi èdìdì wúrà dì: àwọn ará Venice lè tà, wọ́n lè rà ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ rẹ̀ láìsan owó ibodè. Ẹ má gbàgbé pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ni owó ibodè náà, àwọn Gíríìkì tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ kò sì bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ìsọ̀ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ń san owó ibodè, èkejì kò san. Ta ni oníbàárà máa lọ bá? Kò sí iye ìfẹ́ tó wà nínú ìwé yẹn. Ìṣirò ni.

John, ọmọ Alexios, gorí oyè ní 1118, ó wo ìwé bàbá rẹ̀, ó ní òun kò fọwọ́ sí i mọ́. Ọkọ̀ ogun Venice bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn erékùṣù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1126 ó fọwọ́ sí i. Manuel ọmọ John ló wá gbé ìgbésẹ̀ tí ẹni tó ń ṣe Crusader Kings á mọ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1171, ó ní kí wọ́n mú gbogbo ará Venice tó wà nínú ilẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù wọn. Wọ́n sì mú wọn. Bí ẹ bá ṣe irú rẹ̀ nínú eré, orúkọ òǹrorò tí mo wí lẹ́ẹ̀kan á lẹ̀ mọ́ yín, tó bá pẹ́ títí, á parẹ́. Tàbí kí ẹ kú, kí ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́. Ṣùgbọ́n gbèsè ẹrù tí Manuel gbà kò kú pẹ̀lú Manuel. Venice kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọba dé ọba. Ní oṣù kẹrin ọdún 1204, àwọn ajagun Crusade Kẹrin, tí ọkọ̀ Venice kó dé ibẹ̀, fọ́ Constantinople. Doge Enrico Dandolo, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́, wà láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ ọba ńlá, ìpín mẹ́ta nínú mẹ́jọ ni Venice gbé. Ẹrú wá di ẹni tó gbé ẹrù àti olówó rẹ̀ lọ.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé wọ́n tún padà sídìí ọ̀rọ̀ kan náà. Ní 1261, Michael Palaiologos fẹ́ gba olú-ìlú padà lọ́wọ́ àwọn ará ìwọ̀-oòrùn. Ó wá ọkọ̀ lọ sí Genoa tó jẹ́ ọ̀tá Venice, ó sì fún Genoa náà ní ẹ̀tọ́ àìsan owó ibodè. Genoa fìdí kalẹ̀ sí Galata, òdìkejì omi sí ààfin gan-an. Òǹkọ̀tàn Nikephoros Gregoras, tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, kọ ọ́ pé nígbà tó fi di bí 1348, owó ibodè tí Galata ń pa lọ́dún tó 200,000 owó wúrà, nígbà tí ti Constantinople kò ju 30,000 lọ. Omi tóóró ló là wọ́n láàárín. Ọba ń jókòó lójú fèrèsé, ó ń wo owó tó yẹ kó wọ ilé rẹ̀ bó ṣe ń kọjá lọ sílé àlejò rẹ̀. John Kantakouzenos gbìyànjú, kí á má purọ́ mọ́ ọn: ó dín owó ibodè tirẹ̀ kù, ó kan ọkọ̀ ogun tuntun. Ní 1349 àwọn ará Genoa ti run ọkọ̀ náà. Ṣáájú ìyẹn, ní 1343, Anna, olorì tó ń ṣe adelé ọba, ti kó àwọn òkúta iyebíye adé lọ fi dógò ní Venice, ó fi yá 30,000 ducat. Wọn kò rí i rà padà. Nígbà tí wọ́n ń fi Kantakouzenos jọba ní 1347, dígí ni wọ́n tò sí ara adé.

Dígí! Ta ni nínú àwọn tó ṣe eré yìí ni kò kà nípa adé oní-dígí yẹn? Wọ́n mọ ìtàn, gbogbo ibi tí ènìyàn bá yà sí nínú iṣẹ́ wọn ló ti ń rí i pé wọ́n kàwé. Síbẹ̀, ọba inú Crusader Kings II lè yá owó lọ́wọ́ àwọn Templar àti lọ́wọ́ àwọn Júù, láti ìgbà àfikún mìíràn tó jáde ní 2013 kan náà, ṣùgbọ́n kò lè yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ Doge tirẹ̀. Kò lè fi adé dógò. Kò lè fi ìwé èdìdì wúrà fún un, kí ọmọ rẹ̀ wá jókòó máa ronú bóyá kóun fọwọ́ sí i tàbí kóun fà á ya. Gbogbo ohun tó pa Constantinople díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀tàlénígba ó lé mẹ́wàá ọdún, eré náà fi wọ́n sílẹ̀, ó wá fi ojúure arúgbó kan dípò wọn.

Àbúrò kan ní àdúgbò wa, tí a jọ máa ń ṣe eré yìí bí àwọn oníná bá fún wa láàyè, kò gbà fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Eré àwọn ìdílé ni, kì í ṣe eré òwò. Tí wọ́n bá kó ata àti ọkà wọ inú ẹ̀, ta ló máa ráyè fi ọmọ fọ́kọ?" Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, mi ò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Eré kò lè kó gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n mo bi í pé, nígbà tó dá ìlú oníṣòwò tirẹ̀ sílẹ̀, kí ló rò pé ó jẹ́? Ó ní, "Màlúù ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bọ́ ọ, ẹ fún un lómi, ẹ fún wàrà ẹ̀." Ẹ wá rí i. Ọmọ náà gbọ́n, ó ti kàwé jáde, eré tó fẹ́ràn jù sì ti fi sí i lọ́kàn pé ohun tí oníṣòwò ní, ti aláṣẹ ni, níwọ̀n ìgbà tí aláṣẹ bá ti mọ bá a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí i. Manuel rò bẹ́ẹ̀.

Mo fi ìtàn Ragusa han àbúrò yìí, ìlú tí à ń pè ní Dubrovnik lónìí, ní ilẹ̀ Croatia. Èyí ni ìlú oníṣòwò abẹ́-ọba tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀. Láti 1205 ó wà lábẹ́ Venice. Ní 1358 ó bọ́ sábẹ́ ọba Hungary, ó ń san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ducat lọ́dún, ọba sì jìnnà réré, kò yọ wọ́n lẹ́nu. Láti 1458 ó bẹ̀rẹ̀ sí í san ìṣákọ́lẹ̀ déédéé fún Sultan àwọn Ottoman, owó náà ń gòkè títí ó fi dúró sí 12,500 ducat. Ìjòyè méjì ní í máa gbé owó náà lọ sí Istanbul lọ́dọọdún. Olórí ìlú wọn, Rector, kì í lò ju oṣù kan lọ lórí àga. Ẹ gbọ́ mi o, oṣù kan! Ìfẹ́ wo ni Sultan lè ní pẹ̀lú ẹni tó máa lọ lóṣù tó ń bọ̀? Kò wá ìfẹ́ níbẹ̀. Ó ní ọjà tó gbòòrò, Ragusa fẹ́ wọ inú ọjà náà, owó tí wọ́n ń san ni owó ìlẹ̀kùn. Ilé-ìjọba kékeré yìí wà bẹ́ẹ̀ títí dé 1808, ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Napoleon fi òpin sí i. Nínú Crusader Kings, ìlú tó bá ń pààrọ̀ olórí lóṣooṣù ì bá ti sọ ọba rẹ̀ di wèrè.

Ọ̀rọ̀ yíyan olórí náà kò tọ́ sí èmi láti pẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Àwọn ará Venice gidi mọ̀ pé owó lè ra àga. Ní 1268 wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tó jẹ́ pé kèké àti ìbò ni wọ́n ń ṣẹ́ pọ̀ mọ́ra wọn, ìgbà lẹ́yìn ìgbà, títí ènìyàn mọ́kànlélógójì á fi yọ jáde láti yan Doge, kí olówó kan má baà mọ ẹni tóun máa fún lówó. Eré wá sọ ọ́ di pé ẹni tó bá da owó jù ló ní in. Ìdílé márùn-ún náà kò sì tó nǹkankan. Ìgbìmọ̀ ńlá Venice ti ju ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ kí ọ̀rúndún kẹrìnlá tó jìnnà. Mo lè fojú fo ìyẹn. Orúkọ ẹgbẹ̀rún ènìyàn lójú kọ̀ǹpútà, ta ló fẹ́ kà á?

Nígbà tí Crusader Kings III jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, wọn kò jẹ́ kí ẹni tó ń ṣeré jẹ́ olórí ìlú oníṣòwò mọ́; irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn ṣe é. Ọ̀pọ̀ ló bínú. Èmi kò bínú. Ó sàn kí wọ́n dá ọwọ́ dúró ju kí wọ́n tún gbé màlúù kan náà wá pẹ̀lú awọ tó ń dán. Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀: kí ọba lè fi ẹ̀tọ́ òwò tọrọ ọkọ̀ ogun, kí ẹ̀tọ́ náà di gbèsè sọ́rùn ọmọ rẹ̀, kí oníbodè lè wà ní bèbè méjèèjì, kí á sì rí iye tí tiwa ń pa àti iye tí ti òdìkejì omi ń pa. Bí mo bá rí ìyẹn, ma ra á lọ́jọ́ tó bá jáde, iyekíye tí wọ́n bá pè é.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú Crusader Kings II báyìí, mo ní ìmọ̀ràn díẹ̀ tó ti gbè mí. Ẹ má dá ju ìlú oníṣòwò kan sílẹ̀ lójú omi kan náà, kí wọ́n má baà dìde pọ̀. Ẹ má fi àgbègbè kejì kún ti Doge láé, bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó. Ẹ tọ́jú ilẹ̀ etíkun díẹ̀ sọ́wọ́ ara yín. Ẹ̀bùn ńlá fún Doge tó ti lé láàádọ́rin ọdún, ẹ gbé e fún ẹni tí wọ́n ń wò pé ó máa tẹ̀lé e, ìyẹn á pẹ́ díẹ̀. Ní tèmi, ọdún 1187 la wà ní Sicily báyìí. Ọba mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Doge tó wà lórí àga ti pé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ó ń wú ikọ́, ó fẹ́ràn wa. Ẹni tí owó ìpolongo rẹ̀ pọ̀ jù láti gbapò lẹ́yìn rẹ̀ ti wà nínú ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo ti dá eré náà dúró síbẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú.